Ẹyẹlé Tó Ń Gbé Dátà: Ẹ̀fẹ̀ Inú Ìwé Ìlànà Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn ọ̀jẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà, àwọn tí òyìnbó ń pè ní geek, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọn ènìyàn yìí kì í rẹ́rìn-ín, pé kí wọ́n ṣáà ti kọjú sí ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́ ni tiwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n ní ẹ̀fẹ̀ tiwọn, ẹ̀fẹ̀ ọ̀hún sì wà nínú àwọn ìwé tí íntánẹ́ẹ̀tì gan-an dúró lé lórí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́, bó bá lè lóye ẹ̀fẹ̀ yẹn, ó ti bọ́ sójú ọ̀nà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín nìyẹn.

Kò sí ẹnì kan tó ni íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó jẹ́ kí fóònù tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà lè bá kọ̀ǹpútà tó wà ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ ni pé ìlànà kan náà ni àwọn méjèèjì ń tẹ̀ lé. Ìlànà yìí wà lákọsílẹ̀ nínú ọ̀wọ́ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní RFC. Steve Crocker, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì UCLA nígbà náà, ló kọ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin, ọdún 1969. Wọ́n ti lé ní 9,000 báyìí, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ímeèlì ṣe ń rìn wà níbẹ̀, bí àdírẹ́sì ìkànnì ṣe rí wà níbẹ̀. Èdè inú wọn kò ní ọ̀ṣọ́: ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ṣe báyìí, ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ ṣe tọ̀hún, ó tán.

Àárín irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ fara pamọ́ sí. Ẹ mọ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin, ọjọ́ tí àwọn òyìnbó fi ń tan ara wọn jẹ. Ní ọjọ́ yẹn lọ́dún 1978, Mark Crispin gbé RFC 748 jáde. Láyé ìgbà yẹn, ètò kan wà tó ń jẹ́ Telnet, tó ń jẹ́ kí ènìyàn jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan kó máa fi ṣiṣẹ́ lórí òmíràn tó jìnnà réré. Àwọn kọ̀ǹpútà ńlá wọ̀nyẹn máa ń dákú láìròtẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ kan á sì bómi lọ. Crispin wá kọ ọ́ bí ẹni pé dídákú yẹn jẹ́ ara iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún oníbàárà, ó sì la ìlànà kalẹ̀ tí oníbàárà lè fi sọ fún kọ̀ǹpútà pé òun kò fẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo bátánì ìwé RFC ló pé síbẹ̀. Kò sí ibi tó ti sọ pé àwàdà ni. Ọjọ́ tó wà lórí ìwé nìkan ni àmì.

Ṣùgbọ́n èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni RFC 1149, tí David Waitzman kọ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin, ọdún 1990. Kí n tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí dátà ṣe ń rìn.

Bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí fóònù, fọ́tò náà kì í lọ lódindi. Fóònù á gé e sí wẹ́wẹ́, á kọ àdírẹ́sì ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ sára ègé kọ̀ọ̀kan, á wá tú wọn sílẹ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń rìn. Wọ́n lè má gba ọ̀nà kan náà, ọ̀kan lè ṣáájú èkejì dé, òmíràn á sọnù sọ́nà. Ẹ̀rọ tó wà lọ́hùn-ún ló máa tò wọ́n pọ̀, tí á sì ní kí wọ́n tún èyí tó sọnù fi ránṣẹ́. Ègé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní páákẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ sí jù ni pé ìlànà yìí kò bìkítà ohun tó ń gbé páákẹ́ẹ̀tì. Bó jẹ́ wáyà ni o, bó jẹ́ afẹ́fẹ́ ni o, bó jẹ́ iná tó ń kọjá nínú okùn dígí nísàlẹ̀ òkun ni o, kò sí ìyàtọ̀, bí ègé náà bá ṣáà ti dé.

Waitzman di ìlànà yẹn mú, ó sì tẹ̀ lé e dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò dé. Bó bá jẹ́ pé ohunkóhun ló lè gbé páákẹ́ẹ̀tì, ẹyẹlé náà lè gbé e. Ó ní kí wọ́n tẹ páákẹ́ẹ̀tì sórí ìwé pélébé, kí wọ́n ká ìwé náà mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹlé kan, kí wọ́n fi téèpù dè é. Bí ẹyẹ bá dé, kí wọ́n tú téèpù, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ka ohun tó wà lórí ìwé padà sínú kọ̀ǹpútà. Gbogbo RFC tó bá sọ̀rọ̀ ohun tó ń gbé dátà ló gbọ́dọ̀ sọ bí ẹrù ẹ̀ẹ̀kan ṣe lè tóbi tó; Waitzman náà kò fo ibẹ̀. Gígùn ẹsẹ̀ ẹyẹlé ló ń pinnu rẹ̀, ó sì fi sí mílígíráàmù 256. Ó tún ṣàkíyèsí pé bí ẹyẹ bá ṣe ń dàgbà sí i ni ẹrù tó lè gbé ń pọ̀ sí i. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìjì tó lè mú kí dátà sọnù. Ó sọ̀rọ̀ nípa bí ẹyẹ kò ṣe ní forí sọ ara wọn lófuurufú, nítorí ìmọ̀ àìfarakanra wà lára wọn láti ilẹ̀. Ojú ewé méjì péré ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí ìlà kan tó rẹ́rìn-ín.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó ń sin ẹyẹlé á tètè rí. Ẹyẹlé tó ń jíṣẹ́ kì í lọ síbi tí a bá rán an. Ilé ara rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n padà sí. Kì í ṣe lásán ni àwọn àgbà fi sọ pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ìṣòro kó yẹrí. Nítorí náà, bí ìlú méjì bá fẹ́ fi ẹyẹlé sọ̀rọ̀ síra wọn, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹyẹ ìlú kọ̀ọ̀kan lọ sí ìlú kejì. Àwàdà ni RFC 1149 lóòótọ́, síbẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ mú ọgbọ́n dá sí ìṣòro gidi.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin, ọdún 1999, Waitzman tún kọ àfikún rẹ̀, RFC 2549. Lọ́tẹ̀ yìí ó pín iṣẹ́ ẹyẹ sí ìpele ìpele bí ìjókòó inú ọkọ̀ òfuurufú, láti orí bàálù Concorde títí dé ibi tówó rẹ̀ kéré jù. Ó tún dábàá ògòǹgò, ọba ẹyẹ, pé òun lè gbé ẹrù tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò yára, àti pé afárá ni yóò nílò kó tó lè kọjá láti àgbègbè kan sí òmíràn. Nínú iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní afárá, òun ló ń so ẹ̀ka kan mọ́ èkejì. Ògòǹgò kì í fò, afárá gidi ló ń fẹ́. Ẹni tí kò mọ ẹ̀rọ yẹn á kàn ka ìlà náà kọjá ni.

Wàyí o, ní ìlú Bergen lórílẹ̀-èdè Nọ́wè, àwọn ẹgbẹ́ olólùfẹ́ ètò kọ̀ǹpútà Linux kan pinnu pé àwọn á ṣe é lójú ayé. Wọ́n lọ bá ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ẹyẹlé nílùú náà, àwọn wọ̀nyẹn sì yá wọn lẹ́yẹ. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, ọdún 2001, wọ́n to kọ̀ǹpútà kalẹ̀ níbi méjì tó jìnnà síra tó kìlómítà márùn-ún. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ ni ohun tó kéré jù lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí wọ́n ń pè ní ping. Kọ̀ǹpútà kan á béèrè pé, “Ṣé o wà níbẹ̀?” Èkejì á dáhùn pé, “Mo wà.” Lórí wáyà, kí ojú tó ṣẹ́ ni ìbéèrè àti ìdáhùn ti parí. Ní Bergen, ìbéèrè mẹ́sàn-án ló jáde, ìdáhùn mẹ́rin ló wọlé. Èyí tó yára jù lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 54, èyí tó pẹ́ jù sì lé ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45. Kọ̀ǹpútà wá ṣírò rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣírò ti gbogbo ìlà, ó kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún páákẹ́ẹ̀tì ló sọnù.

Mo fẹ́ kí ẹ ro èyí dáadáa. Ètò tó ka ìdáhùn yẹn kò mọ̀ pé ẹyẹ ló gbé e wá. Ó gba páákẹ́ẹ̀tì, ó rí i pé àdírẹ́sì pé, ó sì tẹ́wọ́ gbà á. Ohun tí àwọn tó dá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ti ń sọ láti ọjọ́ yìí wá, pé ohunkóhun ló lè gbé e, ni ẹyẹlé Nọ́wè fi hàn lọ́sàn-án gangan. Kò sí olùkọ́ tó lè fi ẹnu ṣàlàyé rẹ̀ kó yé akẹ́kọ̀ọ́ jù báyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹyẹlé ò tíì tán. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, ní Gúúsù Áfíríkà, inú bí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan tó wà nítòsí Durban nítorí pé íntánẹ́ẹ̀tì wọn ń falẹ̀. Wọ́n mú ẹyẹlé kan tó ń jẹ́ Winston, wọ́n so káàdì ìpamọ́ tó gba dátà gígábáìtì mẹ́rin mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ní ìlú Howick, wọ́n sì tú u sílẹ̀ kó fò lọ síhà Durban. Bó ṣe gbéra ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi dátà kan náà ránṣẹ́ lórí ìlà íntánẹ́ẹ̀tì. Winston fò nǹkan bí kìlómítà 80 ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n fi máa kó dátà inú káàdì sínú kọ̀ǹpútà tán, gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́fà ó lé díẹ̀. Ní àkókò yẹn, ìdá mẹ́rin péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ti kọjá lórí ìlà íntánẹ́ẹ̀tì.

Báwo ni ẹyẹlé tó fìdí rẹmi ní Bergen ṣe wá borí ní Durban? Ibi tí ẹ̀kọ́ wà nìyí. Nǹkan méjì ni àwa máa ń pa pọ̀ tí a bá ní “íntánẹ́ẹ̀tì mi yára.” Bí ẹrù àkọ́kọ́ ṣe pẹ́ tó kó tó dé jẹ́ ọ̀tọ̀, bí ẹrù tó ń dé láàárín wákàtí kan ṣe pọ̀ tó jẹ́ ọ̀tọ̀. Ọ̀kadà tó gbé lẹ́tà kan láti Apapa lọ sí Ìbàdàn á ti dé kí tírélà tó kúrò nínú gósìlóò, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún àpò sìmẹ́ńtì lẹ fẹ́ kó, tírélà lẹ máa pè. Ní Bergen, lẹ́tà kékeré ni ẹyẹlé gbé. Ní Durban, káàdì tó wà lẹ́sẹ̀ Winston ti sọ ọ́ di tírélà. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá mọ èyí dunjú. Lọ́dún 2016, Amazon gbé ọkọ̀ àjàgbé kan jáde tó ń jẹ́ Snowmobile, kọ́ńténà tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 45 ló wà lẹ́yìn rẹ̀, inú kọ́ńténà náà sì kún fún ẹ̀rọ ìpamọ́ dátà. Ohun tí wọ́n ń tà nígbà náà ni pé àwọn á wá kó dátà yín lórí títì, nítorí pé bó bá gba orí wáyà, ọdún gbọọrọ ni yóò fi lọ. Èrò kan náà ni pẹ̀lú ti Winston, owó ló yàtọ̀.

Ẹ̀fẹ̀ míì wà tó dá lórí ààbò. Steven Bellovin jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin, ọdún 2003, ó kọ RFC 3514. Ó ní níwájú páákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, bíìtì kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lò rí, ó lè jẹ́ òdo tàbí ení. Láti òní lọ, kí páákẹ́ẹ̀tì tí kò ní ibi lọ́kàn kọ òdo síbẹ̀, kí èyí tí olè fi ń wọlé kọ ení. Ẹ̀rọ aṣọ́nà á kàn máa wo bíìtì yẹn, èyí tó bá jẹ́ ení, á dà á nù. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sínú FreeBSD, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ́.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín pé ta ni olè tó máa kọ “olè” síwájú orí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìkànnì tí kì í ṣe ti ọmọdé, tó kàn ń béèrè pé, “Ṣé o ti pé ọdún 18?” tó sì ń ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tó bá tẹ “Bẹ́ẹ̀ ni.” Ẹ wo ẹni tí wọ́n pè lórí fóònù pé bánkì ló ń pè é, tó sì ka nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ jáde nítorí pé ẹni tó pè ti sọ pé bánkì ni òun. Bíìtì Bellovin náà nìyẹn. Gbogbo ààbò tó bá jẹ́ pé ẹ̀rí ẹnu ẹni tó wọlé la fi ń dá a mọ̀, kì í ṣe ààbò. Nínú gbogbo ìwé ẹ̀fẹ̀ wọ̀nyí, èyí ni mo kà sí ọ̀gá, nítorí gbogbo ọjọ́ ni àìmọ̀ rẹ̀ ń ná àwọn ènìyàn wa lówó.

Ẹnì kan lè béèrè pé, bí wọ́n bá ń ṣe àwàdà pẹ̀lú ojú líle báyìí, ṣé kì í ṣi ẹlòmíì lọ́nà? Ó ń ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1982, ní yunifásítì Carnegie Mellon, àwọn ọ̀mọ̀wé kọ̀ǹpútà ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn lórí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí mẹ́kúrì inú ẹ̀rọ agbéniròkè tí okùn rẹ̀ bá já. Ẹnì kan wá fi àwàdà kéde pé mẹ́kúrì ti ba ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ agbéniròkè ilé náà jẹ́, àwọn kan sì gbà á gbọ́. Nítorí èyí ni Scott Fahlman ṣe dábàá ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án pé kí wọ́n máa fi àmì kólọ́ọ̀nù, dáàṣì àti bírákẹ́ẹ̀tì kan pààlà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, kó dà bí ojú tó ń rẹ́rìn-ín tí a bá yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni ojú ẹ̀rín tí wọ́n ń fi àmì ìkọ̀wé yà lórí kọ̀ǹpútà ti gbajúmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá parí rẹ̀ sórí kọfí. Ní yunifásítì Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìkòkò kọfí kan ṣoṣo ni wọ́n ní ní ọ́fíìsì àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, nínú yàrá tí wọ́n ń pè ní Trojan Room. Ẹni tí ọ́fíìsì rẹ̀ jìnnà á rin ìrìn àjò dé ibẹ̀, á bá ìkòkò lófìfo. Lọ́dún 1991, Quentin Stafford-Fraser àti Paul Jardetzky gbé kámẹ́rà kọjú sí ìkòkò náà, kí oníkálùkù lè máa wò ó láti orí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lọ́dún 1993 ó bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ènìyàn kárí ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìkòkò kọfí tí wọn kò ní mu nínú rẹ̀ láéláé. Kámẹ́rà àkọ́kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ, ọdún 2001, wọ́n pa á, ìwé ìròyìn Spiegel ti ilẹ̀ Jámánì sì ra ìkòkò ọ̀hún ní £3,350.

Láàárín ìgbà yẹn, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin, ọdún 1998, Larry Masinter kọ RFC 2324, ìlànà tí a ó fi máa darí ìkòkò kọfí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àṣẹ kan wà fún pípo kọfí, òmíràn wà tí a fi ń sọ pé mílíìkì ti tó. Ẹ mọ nọ́ńbà 404 tó máa ń jáde tí ojú ewé tí ẹ ń wá kò bá sí. Masinter fi 418 kún un. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ìkòkò tíì po kọfí, kí ìkòkò náà dáhùn pé, “418, ìkòkò tíì ni mí.” Ohun tó ń fi sọ ni pé àwọn onímọ̀ ti ń sọ HTTP, ìlànà tí a fi ń ṣí ojú ewé, di ohun tí wọ́n ń ti gbogbo nǹkan bọ̀, bó bá a mu, bí kò bá a mu.

Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kò jẹ́ kí 418 kú. Wọ́n ń kọ ọ́ sínú iṣẹ́ wọn, Google pàápàá ní ojú ewé kan tó ń dáhùn bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2017, Mark Nottingham, ọ̀kan lára àwọn àgbà tó ń bójú tó HTTP, ní kí àwọn ètò bíi Node.js àti Go yọ ọ́, nítorí kò sí nínú ìlànà gidi, ó sì lè dínà nọ́ńbà tí a ó nílò lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bójú mu. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 15 kan ṣí ìkànnì sílẹ̀ láti gbèjà ìkòkò tíì, ọ̀pọ̀ ènìyàn tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì fi 418 sílẹ̀ síbi tó wà. Nígbà tí RFC 9110, ìwé HTTP tuntun, jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n kọ 418 síbẹ̀ pé wọ́n ti fi í sí àpamọ́, wọn kò ní fún ohun mìíràn àfi bí nọ́ńbà tó kù bá tán. Ìwé yẹn kì í ṣe ti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà, ẹ gbé RFC 1149 wọ kíláàsì. Ọ̀fẹ́ ni lórí ìkànnì RFC Editor, kò ju ojú ewé méjì lọ, ọmọ tó bá sì rẹ́rìn-ín síbi tó yẹ kó rẹ́rìn-ín, ẹ̀kọ́ páákẹ́ẹ̀tì ti yé e. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ti mọ iṣẹ́ yìí, ẹ kọ tiyín. Gbogbo ayé ni RFC Editor ń gba ìwé ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin lọ́wọ́ wọn, ẹ ṣáà jẹ́ kó tètè dé ọwọ́ wọn kí oṣù náà tó wọlé.